Dífù iwájú ATV: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tí báìkì yín ní, bí ẹ ṣe máa dán an wò, àti bí ẹ ṣe máa lò ó

Lórí ATV, ìyẹn báìkì onítáyà mẹ́rin, ẹ ti tẹ 4WD tó ń fi agbára ẹ́ńjìnì ránṣẹ́ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná rẹ̀ sì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, táyà iwájú kan ń yí lófo nínú ẹrẹ̀, ìkejì rẹ̀ dúró gbagidi sórí ilẹ̀ líle, báìkì kò sì kúrò lójú kan. Tàbí kó jẹ́ òdìkejì: ẹ jáde nínú ẹrẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ bọ́ sójú ọ̀nà líle, ẹ fẹ́ yà sápá òsì, hándù kọ̀ jálẹ̀, báìkì ń gbé yín lọ tààrà sínú igbó.

Orísun kan náà ni wàhálà méjèèjì ti ń wá. Ẹni tó ń gun báìkì kò mọ irú dífù (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà òsì àti ọ̀tún) tó wà níwájú rẹ̀, ọgbọ́n ọ̀kan ló sì ń lò fún èkejì. Dífù lọ́ọ̀kì fẹ́ kí ẹ ti pinnu kí ẹ tó wọnú ẹrẹ̀, nígbà tí báìkì ṣì dúró jẹ́ẹ́. Dífù limited-slip ní tirẹ̀ kò ní bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ ṣáájú. Inú ẹrẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa fi iná (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè sáré) àti bíréèkì bá a ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Kí nìdí tí dífù fi wà rárá? Bí báìkì bá ń yà, táyà tó wà lóde máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Báìkì tí táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì fi bíi 90 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, tó bá yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà òde ti fi ju mítà 5 lọ rìn ju ti inú. Dífù ló ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe láìsí pé nǹkan kán. Àléébù rẹ̀ ni pé dífù lásán máa ń pín agbára lọ́gbọọgba, tó fi jẹ́ pé táyà tí kò rí ilẹ̀ dì mú ló ń pinnu iye tí èkejì máa rí gbà. Lọ́ọ̀kì máa ń so táyà méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Limited-slip ṣì ń jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà pọ̀ jù.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ATV iṣẹ́ kò ní dífù kankan. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń yí pọ̀ nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi jẹ́ ti iwájú nìkan.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Ìwé tó bá báìkì wá. Bó bá ti sọnù, ẹ wá èyí tó bá orúkọ àti ọdún báìkì yín mu gẹ́lẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ọdún mìíràn lè tàn yín jẹ.
- Jáàkì, irin ìdúró méjì tó lè gbé iwájú báìkì, àti igi méjì tí ẹ máa fi há táyà ẹ̀yìn.
- Gééjì afẹ́fẹ́ tó ń ka ìwọ̀n kékeré. Afẹ́fẹ́ inú táyà ATV sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 5 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), gééjì mọ́tò kò sì lè ka ìyẹn dáadáa.
- Ṣọ́ọ̀kì àti okùn ìwọ̀n.
- Sípánà, àwo tí ọ́ìlì máa dà sí, ọ́ìlì tí ìwé dárúkọ, wáṣà tuntun fún bóòtù ìsàlẹ̀ dífù.
- Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, àti wíńṣì tàbí okùn ìfàkọ̀ fún ọjọ́ ìdánwò nínú ẹrẹ̀.
- Ẹnì kejì. Ìpele 3 kò ṣeé dá ṣe dáadáa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọ ẹrẹ̀ lọ dán nǹkan wò.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ kọ́kọ́ wo hándù. Bí súwíìṣì bá ní ipò mẹ́ta, ìyẹn 2WD (táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan), 4WD, àti ìkẹta tí wọ́n kọ LOCK sí tàbí tí wọ́n ya àwòrán táyà pẹ̀lú àmì lọ́ọ̀kì sí, báìkì yín ní lọ́ọ̀kì. Yamaha Grizzly 700 àti Suzuki KingQuad 750 wà ní agbo yìí, àwọn méjèèjì sì ní nǹkan méjì pa pọ̀: ipò àárín jẹ́ limited-slip, ìkẹta jẹ́ lọ́ọ̀kì. Honda Rubicon òde òní àti CFMOTO CForce náà ní lọ́ọ̀kì.

Bí súwíìṣì bá ní ipò méjì péré, ẹ má tíì sọ pé limited-slip ni. Honda Rancher 4x4 ní ipò méjì, limited-slip tó ń tẹ̀ lé bí agbára ṣe ń wọ táyà ló sì wà nínú rẹ̀. Can-Am Outlander náà lè ní ipò méjì, àmọ́ Visco-Lok ló wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá: ìgbà tí táyà kan bá ń yí yára ju èkejì lọ ni ọ́ìlì kan máa ń ti àwọn àwo inú rẹ̀ mọ́ra. Polaris Sportsman tún wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ AWD tirẹ̀ kì í mú iwájú ṣiṣẹ́ àfi tí táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tó bá sì ti mú un, méjèèjì ló ń mú pa pọ̀.

Kawasaki Brute Force 750 ti ṣáájú 2024 ní ọ̀nà tó wù mí jù láàárín gbogbo wọn. Lífà kékeré kan wà lápá òsì hándù. Bí ẹ bá ṣe fà á tó ni àwọn àwo inú dífù ṣe máa fún mọ́ra tó. Ẹ lè fà á díẹ̀, ẹ sì lè fà á dópin. Ọwọ́ yín ló ń sọ iye lọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ta báìkì fún wọn gbọ́, pé “4WD gidi ni.” Gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan nípa dífù. Orúkọ báìkì nìkan kò sì tó, torí ilé iṣẹ́ kan lè ṣe ẹ̀dà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan ní lọ́ọ̀kì, kí èkejì má ní.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ láti inú ìwé báìkì yín: “Dífù iwájú mi jẹ́ báyìí, nǹkan báyìí ló sì ń mú un ṣiṣẹ́.” Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ọ́, ẹ má tíì lọ sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú méjèèjì dọ́gba

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìpele yìí, wọ́n á wá máa bú dífù tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí táyà kan bá kéré ju èkejì lọ, dífù rò pé báìkì ń yà nígbà gbogbo. Limited-slip yóò máa lọ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà tààrà, lọ́ọ̀kì yóò sì máa fa hándù sápá kan.

Ẹ ka ohun tó wà lára táyà méjèèjì, bíi 25x8-12. Kí nọ́ńbà wọn bára mu, kí irú wọn náà bára mu. Ẹ fi afẹ́fẹ́ sí wọn bí ìwé ṣe sọ, kí táyà sì tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ní 5 psi, ìyàtọ̀ 1 psi péré jẹ́ ìdá márùn-ún gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìsàlẹ̀ táyà òsì àti sí ilẹ̀ níbi tó kan. Ẹ ti báìkì lọ síwájú tààrà títí ìlà ara táyà yóò fi padà kan ilẹ̀. Ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tó rìn. Ẹ ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún. Èyí dára ju kí ẹ yí okùn mọ́ táyà, torí ó ń fi bí táyà ṣe rí nígbà tí ẹrù báìkì wà lórí rẹ̀ hàn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n ń pààrọ̀ táyà iwájú kan ṣoṣo tó bẹ́, wọ́n á fi èyí tó ti jẹ sílẹ̀ lápá kejì. Méjì méjì ni kí ẹ máa rà á.

*Àyẹ̀wò:* ìyàtọ̀ láàárín òsì àti ọ̀tún kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún afẹ́fẹ́ wò. Bí ìyẹn kò bá tún un ṣe, táyà ni ẹ máa pààrọ̀.

Ìpele 3: Ẹ fi ọwọ́ dán dífù wò

Ẹ gbé báìkì sórí ilẹ̀ títẹ́jú tó le. Ẹ há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè títí táyà méjèèjì kò fi kan ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì ti irin ìdúró bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, torí àwọn ló máa di ṣáàfù tó ń lọ síwájú mú.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi súwíìṣì sí 4WD. Àwọn báìkì kan kò ní gbọ́ àfi tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tan án pẹ̀lú gíà ní fírí, ẹ jẹ́ kí 4WD wọlé, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan táyà.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà méjèèjì. Ẹ di táyà òsì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ rọra yí i síwájú. Kí ẹnì kejì yín máa wo ti ọ̀tún. Ohun tí ẹ máa rí nìyí:

Bí táyà ọ̀tún bá yí sẹ́yìn nígbà tí ti òsì ń lọ síwájú, tí kò sì le lọ́wọ́ yín rárá, dífù lásán ni, tàbí limited-slip tí àwo inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Bó bá yí sẹ́yìn, àmọ́ tó ń wúwo lọ́wọ́ yín tí apá yín sì ń mọ̀ ọ́n, limited-slip tó ń ṣiṣẹ́ ni. Bí ìwé àtúnṣe báìkì yín bá sọ iye agbára tó yẹ kó gba kó tó yọ̀, ẹ fi sípánà oníwọ̀n wọ̀n ọ́n, kí ẹ má fi apá yín ṣe ìdájọ́.

Bí méjèèjì bá yí sí ọ̀nà kan náà, 4WD kò tíì wọlé. Ẹ yí táyà kan díẹ̀ síwá sẹ́yìn kí eyín inú rẹ̀ lè bára mu, kí ẹ sì tún un dán.

Bí táyà kò bá mì rárá, lọ́ọ̀kì ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bọ́ lọ́ọ̀kì kúrò, ẹ tún dán an wò. Ó gbọ́dọ̀ padà sí bí limited-slip tàbí dífù lásán ṣe ń ṣe.

Ẹni tó ní Brute Force, kí ẹnì kejì rẹ̀ máa fa lífà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí táyà. Ó máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bó ṣe ń le sí i títí kò fi ní yí mọ́. Bí lífà bá ti dópin tí táyà ṣì ń yí, okùn lífà ló ti dẹ̀ tàbí kí àwọn àwo ti jẹ. Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, torí ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Visco-Lok kì í le lọ́wọ́ bí ẹ bá rọra yí i, torí eré ló ń jí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tú dífù Can-Am tí kò ní àrùn kankan nítorí èyí. Ìdánwò ọwọ́ kò sì bá Polaris mu. Méjèèjì yìí, ẹ gbé wọn lọ sórí yanrìn tó tú tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ fi sí AWD tàbí 4WD nígbà tí báìkì dúró, ẹ fún un níná díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókèèrè, kó máa wò bóyá táyà iwájú méjèèjì ń ta yanrìn.

*Àyẹ̀wò:* ohun tí ọwọ́ yín gbọ́ gbọ́dọ̀ bá gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìpele 1 mu. Bí ìwé bá sọ pé lọ́ọ̀kì wà, tí táyà ṣì ń yí nígbà tí iná lọ́ọ̀kì ti tàn, ẹ kọjá sí ìpele 7 kí ẹ tó wọnú ẹrẹ̀ kankan.

Ìpele 4: Ọ́ìlì

Ọ́ìlì dífù kì í ṣe ọ́ìlì kan náà fún gbogbo báìkì. Yamaha ń fẹ́ ọ́ìlì gíà SAE 80 tó jẹ́ API GL-4. Polaris ní tirẹ̀, Demand Drive ni wọ́n ń pè é. Kawasaki Brute Force 750 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń fẹ́ Mobilfluid 424, torí àwọn àwo inú dífù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi kúlọ́ọ̀ṣì nínú ọ́ìlì. Bí ẹ bá da ọ́ìlì gíà lásán sí i, àwọn àwo náà lè máa gbọ̀n gìrìgìrì tàbí kí wọ́n máa yọ̀ lára wọn. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́.

Ẹ gùn ún yípo díẹ̀ kí ọ́ìlì gbóná. Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtù òkè tí a ń gbà da ọ́ìlì sí, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Tí ti òkè bá kọ̀ láti tú lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dà tán, báìkì yín ti di àgbékọ́ nìyẹn. Ẹ wo ọ́ìlì tó jáde. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé. Lẹ́búlẹ́bú irin tó rọ̀ lára òòfà bóòtù kì í ṣe ìjàngbọ̀n. Àfọ́kù irin tó ní igun, eyín gíà ló ń kán yẹn.

Omi sábà máa ń gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò wọlé. Dífù ní ọ̀pá rọ́bà kékeré kan tó ń mí síta lápá òkè. Bí amọ̀ bá dí i, nígbà tí ẹ bá fi dífù tó gbóná ra omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa súnkì, á sì fa omi wọlé láti etí síìlì. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀pá náà dé orí rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń la odò kọjá, kò gbọdọ̀ dí rárá.

*Àyẹ̀wò:* bóòtù ìsàlẹ̀ ní wáṣà tuntun, iye ọ́ìlì tó wọlé bá ti inú ìwé mu, kò sì sí ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ dífù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìpele 5: Bí a ṣe ń lo lọ́ọ̀kì

Ẹ dúró kí ẹ tó dé ibi tó nira. Ẹ wò ó: àpáta, ìtì igi, ọ̀gbun tí àgbàrá gbẹ́ sí ojú ọ̀nà, ibi tí ẹ ti lè rí i pé táyà iwájú kan máa gbéra kúrò nílẹ̀. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ irú èyí, lọ́ọ̀kì ni ẹ máa lò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ yíyọ̀ lásán tó tẹ́jú, 4WD tó.

Ẹ tọ́ hándù sí ọ̀kánkán. Ẹ fi gíà sí L. Ẹ tẹ lọ́ọ̀kì. Mọ́tò kékeré kan ló máa ti fọ́ọ̀kì inú dífù, fọ́ọ̀kì á sì ti eyín sínú eyín. Bí eyín wọn kò bá kọjú síra, iná á máa ṣẹ́jú. Ẹ yí i lọ síwájú díẹ̀, tàbí kí ẹ mi hándù sọ́tùn-ún sósì. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá wọlé, iná á sì dúró.

Ẹ wá wọlé pẹ̀lú iná tó dúró lójú kan. Lọ́ọ̀kì kò nílò eré. Lórí Grizzly, ilé iṣẹ́ tilẹ̀ dá eré dúró sí 35 km/h nígbà tí lọ́ọ̀kì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́tìnì tó ń yọ ìdádúró yẹn kúrò wà fún ìgbà tí ẹrẹ̀ bá fẹ́ kí táyà yí kíákíá láti fọ ara rẹ̀, kì í ṣe fún kí ẹ lè fi sáré.

Hándù máa wúwo. Báìkì á fẹ́ máa lọ tààrà. Bí ẹ bá ní láti yà, ẹ yà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ara yín síwájú. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè tó gẹ̀rẹ́, lọ́ọ̀kì lè mú kí táyà iwájú méjèèjì yọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní irú ibẹ̀, limited-slip ni mo máa ń fi kọjá.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà* pọ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Àkọ́kọ́, wọ́n ń tẹ lọ́ọ̀kì nígbà tí táyà kan ti ń yí lófo. Eyín tó dúró ni eyín tó ń sáré fẹ́ wọ̀, ó sì máa ń kán. Bí ẹ bá ti há tán, ẹ fi iná sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí táyà dúró pátápátá, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èkejì, wọ́n ń gbàgbé láti bọ́ ọ kúrò, páwà-sítíárìn ló sì ń dákún un: ó ń gbé ìwúwo hándù fún yín, nítorí náà ẹ kò ní mọ̀ pé dífù àti CV (oríkèé ṣáàfù tó ń wa táyà iwájú) ń jà lórí ilẹ̀ líle títí nǹkan kan yóò fi kán. Ẹ máa fi ojú wo iná lọ́ọ̀kì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ yín.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn tí ẹ ti jáde, ẹ bọ́ lọ́ọ̀kì, ẹ rìn tààrà díẹ̀ kí eyín tó fún mọ́ra lè tú sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé iná ti kú. Ẹ wá yà dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Bí hándù bá fúyẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti bọ́.

Ìpele 6: Bí a ṣe ń lo limited-slip

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ ìrètí nù, bẹ́ẹ̀ báìkì wọn lè jáde.

Ká ní limited-slip yín lè fún táyà tó dì mú ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí táyà tó ń yọ̀ lè gbà. Bí táyà tó wà nínú ẹrẹ̀ bá ṣì ń rí 10 gbà, èkejì ń rí 30. Ó dára. Àmọ́ bí táyà náà bá wà lófuurufú, odo ló ń gbà, ìlọ́po mẹ́ta odo kò sì ju odo lọ. Ìdí nìyẹn tí báìkì tó ń la ẹrẹ̀ kọjá fi lè kú sórí ìtì igi kékeré.

Nísinsìnyí, ẹ rọra fa bíréèkì iwájú tó jẹ́ pé ó ń di táyà òfuurufú yẹn mú ní ìwọ̀n 10. Dífù á rò pé táyà náà ti rí ilẹ̀. Ó máa fi 30 ránṣẹ́ sí ìkejì. Bíréèkì jẹ 10 nínú rẹ̀ níbẹ̀ náà, ó ku 20, 20 yẹn ló sì máa gbé yín kúrò.

Lórí Honda àti Yamaha, lífà apá ọ̀tún ni bíréèkì iwájú, àtàǹpàkò ọwọ́ kan náà ló sì ń tẹ iná. Ẹ fi ìka méjì sórí lífà, ẹ fi àtàǹpàkò fún un níná díẹ̀, ẹ sì fa lífà títí ẹ máa gbọ́ pé ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí báìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìtì igi náà, ẹ máa tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dán èyí wò ní àgbàlá yín lórí pákó kan kí ẹ tó lọ dán an wò nínú igbó. Ọwọ́ máa ń nílò àkókò láti kọ́ ọ.

Àwọn báìkì tí lífà kan ṣoṣo ń mú bíréèkì gbogbo táyà, ẹ̀tàn yìí kì í rọrùn lórí wọn, torí ẹ̀yìn náà ń dúró.

Visco-Lok fẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí táyà yí lófo díẹ̀, kí iná dúró lójú kan, ẹ má fi í sílẹ̀. Á di mú lójijì, á sì fa hándù, nítorí náà ẹ dì í mú ṣinṣin. Ẹni tó bá ń tẹ iná tó tún ń fi í sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀, kò ní jẹ́ kó ráyè di mú láé, á sì máa fi ìgbájú gbá CV.

Ti Polaris, òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: ẹ má yí súwíìṣì sí AWD nígbà tí táyà ẹ̀yìn ń yí lófo. Ẹ dúró, ẹ yí i, kí ẹ tó fún un níná.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* fífi iná tó pọ̀ bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Táyà tó ń yí lófo gan-an a máa gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Bákan náà, bíréèkì tó bá pẹ́ jù á gbóná. Ẹ fà á fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe.

*Àyẹ̀wò:* gbé táyà iwájú kan sórí pákó tàbí bíríkì tó mú kí èkejì gbéra díẹ̀. Pẹ̀lú iná díẹ̀ láìsí bíréèkì, ó lè yí lófo. Bí ẹ bá fa bíréèkì iwájú, ó gbọ́dọ̀ lọ.

Ìpele 7: Bí kò bá gbọ́ràn

Iná lọ́ọ̀kì ń ṣẹ́jú láìdúró, bí ẹ tilẹ̀ ti rìn síwá sẹ́yìn: ẹ wo bátìrì lákọ̀ọ́kọ́, torí mọ́tò kékeré yẹn kì í gbọ́ bí iná bátìrì bá ti rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fíúùsì, àti orí wáyà tó wọ mọ́tò náà lára dífù. Ibẹ̀ sún mọ́ ẹrẹ̀ jù, ìpẹtà sì máa ń bà á jẹ́. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì iná mànàmáná sí i. Bí ẹ bá ń tẹ lọ́ọ̀kì tí ẹ́ńjìnì ti kú, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró mọ́tò náà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ tí táyà ṣì ń yí, fọ́ọ̀kì tàbí eyín inú ni, dífù máa tú nìyẹn.

Ìró tákatàka nígbà tí ẹ bá yà, tí lọ́ọ̀kì kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́: ẹ wo rọ́bà tó bo CV kí ẹ tó fẹ̀sùn kan dífù. Rọ́bà tó ya, gíríìsì ti jáde, yanrìn ti wọlé.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ padà sí ìpele 3. Kò sí àtúnṣe tó parí láìjẹ́ pé ọwọ́ yín ti yí táyà náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ rà á

Ẹni tó ń fi báìkì kó yìnyín kúrò níwájú ilé ní Minnesota, tó ń bọ́ sórí ọ̀dà tó sì ń padà sínú yìnyín ní gbogbo ìgbà, limited-slip máa sin ín dáadáa ju lọ́ọ̀kì nìkan lọ, kò sì ní hú koríko àgbàlá rẹ̀. Ẹni tó bá ń gun orí àpáta àti gbòǹgbò igi ní West Virginia, tàbí tó ń wọ amọ̀ dúdú Texas lẹ́yìn òjò, kó wá lọ́ọ̀kì. Bí owó bá tó, ẹ ra èyí tó ní méjèèjì lórí súwíìṣì kan. Èmi kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì lórí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ gbé jáàkì àti ṣọ́ọ̀kì yín dání lọ bá ẹni tó ń tà á, ẹ ṣe ìpele 3 lójú rẹ̀, kí ẹ tú bóòtù òkè dífù, kí ẹ sì ti ìka bọ inú ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá kọ̀ fún yín, ẹ wá báìkì mìíràn.